Ta Ló Yẹ Kó Kọ́kọ́ Ṣà?

Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ti ọ̀sẹ̀ yìí, láti ẹnu admin. A kọ ọ́ jáde láti inú ohùn mẹ́fà, fún àwọn tí nẹ́tíwọ̀kì tàbí dátà ò jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ. Ẹ bá wa fi ránṣẹ́ sí ẹni tí kò sí lórí gúrúpù.

Ohùn kìíní

    Láti Dalori níbí, lójú ọ̀nà Bama, èmi admin yín ni mò ń sọ̀rọ̀.

Ẹ mọ̀ pé bí bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà bá ti bẹ̀rẹ̀, láti oṣù kẹsàn-án títí wọ oṣù kejì, ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni mo máa ń sọ ohun tí mo rí níbẹ̀ fún yín. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ọjọ́ Sunday wọn máa ń bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ tiwa, nígbà mìíràn aago méje. Ti alẹ́ wọn á bọ́ sí aago kan tàbí aago méjì òru níbí. Ẹni tí kò bá lè jí, láàárọ̀ ló máa wo díẹ̀ níbẹ̀ lórí fóònù. Tẹ́tẹ́ kọ́ ni mo ń torí ẹ̀ wò ó o, ẹ ti mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kẹrin, kì í sí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kankan, àwọn eléré á ti lọ sinmi. Ṣùgbọ́n ohun kan ṣẹlẹ̀ tó kan àwa ọlọ́jà ju gbogbo ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ọdún lọ. Láti ọjọ́ 24 sí ọjọ́ 26 oṣù kẹrin ọdún 2025, ní ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Green Bay, ní ìpínlẹ̀ Wisconsin, wọ́n ṣe ohun tí wọ́n ń pè ní draft. Ọjọ́ ìṣà ni èmi ń pè é, torí ọjọ́ yẹn ni àwọn ẹgbẹ́ ń ṣa àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde ní yunifásítì, ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí a ṣe ń ṣa béèlì.

Ọ̀rọ̀ béèlì gan-an ló sì wà nílẹ̀ láàárín wa. Tí ọkọ̀ bá já béèlì gwanjo tí a jọ dáwó rà sílẹ̀, ta ló yẹ kó kọ́kọ́ ṣà? Látìbẹ̀rẹ̀, ẹni tó bá mú owó tó pọ̀ jù wá ló ń kọ́kọ́ ṣà. Èmi náà wà lára àwọn tó ń ṣà níwájú. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ 10 oṣù kẹsàn-án 2024, tí ìdídò Alau ya tí omi sì bo Maiduguri, àwọn kan wà nínú wa tí ṣọ́ọ̀bù wọn lọ tòun tọjà. Àwọn kan nínú wọn ò tíì gbádùn iná tó jó Monday Market ní oṣù kejì 2023 kí omi tó tún dé. Ìwọ̀nba owó ni wọ́n ń rí mú wá, ẹ̀yìn pátápátá ni wọ́n ti ń ṣà, ohun tí gbogbo èèyàn ti yẹ̀ wò tí wọ́n fi sílẹ̀ ni wọ́n ń gbé lọ. Ẹnìkan wá dá a lábàá pé kí àwọn yìí máa kọ́kọ́ ṣà fún ìgbà díẹ̀. Ẹlòmíràn fèsì pé ṣé a fẹ́ máa fìyà jẹ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ni. Ọ̀rọ̀ náà ti ń di ìjà. Kí ìpàdé tó dé, mo fẹ́ sọ ìtàn àwọn kan tó ti jókòó lórí ìbéèrè yìí gan-an láti nǹkan bí 90 ọdún sẹ́yìn.

Ohùn kejì

Fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé: bọ́ọ̀lù tí mò ń wí kì í ṣe irú èyí tí Super Eagles ń gbá. Bọ́ọ̀lù wọn ṣóńṣó lórí méjèèjì, ọwọ́ ni wọ́n sì fi ń gbé e sá. Èèyàn 11 dojú kọ èèyàn 11. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n fún ẹgbẹ́ kan láti fi gbé bọ́ọ̀lù síwájú ní yáàdì 10. Tí wọn ò bá rí i ṣe, bọ́ọ̀lù di ti ẹgbẹ́ kejì. Ẹgbẹ́ 32 ló wà nínú líìgì tí wọ́n ń pè ní NFL, ọ̀kọ̀ọ̀kan á gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 17 kó tó kan ọ̀rọ̀ ife.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ta gwanjo ti mọ̀ wọ́n tipẹ́. Fìlà tàbí ẹ̀wù aláwọ̀ ewé tó ní lẹ́tà G gbàǹgbà lára, Green Bay nìyẹn. Bí ẹ bá sì rí ẹ̀wù tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ẹgbẹ́ kan gba ife lọ́dún báyìí, tí ẹ wá gbọ́ pé ẹgbẹ́ ọ̀hún pàdánù lọ́dún náà, kì í ṣe pé ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ṣì í kọ. Ẹ̀wù ẹgbẹ́ méjèèjì ni wọ́n máa ń tẹ̀ sílẹ̀ kí àṣekágbá tó parí. Ti ẹni tó pàdánù kì í dé ọjà Amẹ́ríkà. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ẹgbẹ́ aláàánú World Vision fi ń kó irú rẹ̀ lọ fún àwọn aláìní ní ilẹ̀ òkèèrè.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn. Ọjọ́ 17 oṣù kẹsàn-án 1920, ní ìlú Canton ní ìpínlẹ̀ Ohio, àwọn tó ni ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù jókòó nínú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta mọ́tò, wọ́n dá líìgì náà sílẹ̀. Ìlú kéékèèké pọ̀ nínú rẹ̀. Canton wà ńbẹ̀, Rock Island wà ńbẹ̀. Nígbà tó yá, Duluth, Pottsville àti Portsmouth náà wọlé. Ẹ wá wọn lónìí, ẹ ò ní rí ọ̀kan. Portsmouth ló pẹ́ díẹ̀ nínú wọn, òun náà kó lọ sí Detroit ní 1934.

Kí ló pa wọ́n? Ohun tó ń pa ọlọ́jà kékeré náà ni. Ìgbà yẹn, ọmọ tó bá mọ bọ́ọ̀lù gbá, ẹni tó bá lówó jù ló máa gbà á. Ọmọ tó dáa ń mú èrò wá, èrò ń mú owó wá, owó ń lọ ra ọmọ tó dáa sí i. Ẹni tó wà lókè ń gòkè sí i, ẹni tó wà nísàlẹ̀ ń rì. New York ń borí, Chicago ń borí, àwọn yòókù ń kó ilé wọn.

Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Bert Bell, ẹgbẹ́ Eagles ti Philadelphia wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹgbẹ́ náà ò lágbára rárá. Bell fẹ́ ra ọmọ kan tó ń jẹ́ Stan Kostka, láti yunifásítì Minnesota, kàkà bẹ́ẹ̀ Brooklyn ló gbé ọmọ náà lọ. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún. Ní oṣù karùn-ún 1935 ó gbé àbá kan síwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀: láti òní lọ, kí á kọ orúkọ gbogbo ọmọ tó ń jáde ní yunifásítì sílẹ̀, kí ẹgbẹ́ tó ṣe kẹ́yìn lọ́dún tó kọjá kọ́kọ́ ṣà, kí ẹni tó gba ife ṣà kẹ́yìn.

Ẹ gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Kì í ṣe ohun ìyanu pé ẹni tó wà nísàlẹ̀ dá irú àbá bẹ́ẹ̀. Ohun ìyanu ni pé àwọn tó wà lókè gbà. Tim Mara tó ni Giants ti New York gbà. George Halas tó ni Bears ti Chicago gbà. Wọ́n lè takò àbá náà, wọn ò takò ó. Àwọn méjèèjì mọ ọjà. Wọ́n rí i pé èrò ò ní sanwó lọ wo ìjà tí wọ́n ti mọ ẹni tó máa ṣubú. Ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé. Bí Chicago bá lu gbogbo wọn pa tán, ta ló kù tó máa bá a gbá bọ́ọ̀lù?

Ọdún 1935 yẹn náà, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ méjì péré ni Eagles borí nínú 11. Nítorí náà, ní ọjọ́ 8 oṣù kejì 1936, nínú òtẹ́ẹ̀lì kan ní Philadelphia, wọ́n ṣe ìṣà àkọ́kọ́, Bert Bell ló sì kọ́kọ́ na ọwọ́. Láti ọdún yẹn dòní, wọn ò dá a dúró.

Ohùn kẹta

Nísinsìnyí, kí ló dé tí Green Bay nìkan ló kù nínú gbogbo ìlú kéékèèké ọjọ́ náà? Ẹ fetí sí i, torí àjọ ni ìtàn ìlú yìí.

Ọdún 1919 ni Curly Lambeau àti oníwèé ìròyìn kan, George Calhoun, dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tó ń di ẹran sínú agolo, Indian Packing Company, ni Lambeau ń bá ṣiṣẹ́. Ilé-iṣẹ́ náà ló fún wọn lówó aṣọ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń jẹ́ Packers títí dòní: àwọn adìrù. Ẹ ò rí i pé ọmọ ìyá wa ni wọ́n. Ní 1921 wọ́n wọ líìgì, kò pẹ́ tí gbèsè fi dé ọrùn wọn.

Ní 1923 àwọn oníṣòwò ìlú náà pe ara wọn jọ. Wọn ò wá olówó kan tó máa rà wọ́n. Wọ́n gé ẹgbẹ́ náà sí ìpín 1,000, wọ́n ń ta ìpín kan ní dọ́là 5. Dọ́là 5,000 ni gbogbo ẹ̀ jẹ́. Wọ́n fi àdéhùn kan sí i: kò sẹ́ni tó máa gba èrè lórí ìpín ẹ̀. O ra á, o di olówó ẹgbẹ́, o lè dìbò, ó tán. Owó tó bá wọlé, inú ẹgbẹ́ ló máa padà sí.

Ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn ìyẹn, òǹwòran kan já bọ́ láti orí àga ìjókòó, ó gbé wọn lọ ilé ẹjọ́, ẹgbẹ́ fẹ́ẹ̀ kú. Ní 1935 ìlú tún dáwó. Ní 1950 wọ́n tún dáwó, dọ́là 25 fún ìpín kan, owó tó wọlé lé ní 118,000 dọ́là. Wọ́n tún ṣe é ní 1997, ní 2011, ní 2021. Èyí tó kẹ́yìn yẹn, dọ́là 300 ni ìpín kan. Lónìí àwọn tó ni Packers lé ní ìdajì mílíọ̀nù èèyàn. Ìlú ọ̀hún fúnra ẹ̀, èèyàn inú ẹ̀ ò ju nǹkan bí 107,000 lọ. Ẹ wo Maiduguri wa yìí, ṣé àdúgbò mélòó la máa kó jọ kó tó tó iye yẹn? Wọ́n sì fi òfin dè é pé ẹnì kan ṣoṣo ò gbọ́dọ̀ ní ju ìpín 200,000 lọ, kí olówó kan má baà dọ́gbọ́n sọ ọ́ di tiẹ̀.

Ẹnìkan á sọ pé olówó Amẹ́ríkà ni wọ́n, ta ló ń fi wọ́n wé wa. Dọ́là 5 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn bàbá wa tó bá ọkọ̀ ojú irin wá sí Maiduguri lẹ́yìn 1964, tí ọ̀nà irin náà dé ibí, èsúsú ni wọ́n fi gba ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́. Ọ̀rọ̀ yìí ò jìnnà sí wa.

Ohùn kẹrin

Ṣùgbọ́n àjọ ìlú nìkan ò lè gba Green Bay là. Nígbà tí tẹlifíṣọ̀n dé, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń lọ tà fúnra ẹ̀. Mílíọ̀nù lọ́nà mílíọ̀nù èèyàn ló wà ní New York, ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n á sanwó gọbọi fún Giants. Green Bay ńkọ́? Èrò mélòó ló wà ńbẹ̀ tí wọ́n máa torí ẹ̀ sanwó? Àlàfo tí Bert Bell ti fẹ́ dí tún ti ń là.

Oṣù kìíní 1960 ni wọ́n fi Pete Rozelle, ọmọ ọdún 33, ṣe ọ̀gá líìgì. Líìgì kejì tó ń bá wọn díje, AFL, ti gbà láti máa pín owó tẹlifíṣọ̀n dọ́gba lọ́dún náà. Rozelle ní kí àwọn náà ṣe bẹ́ẹ̀: kí á jọ tà á lẹ́ẹ̀kan, kí á pín in ọgbọọgba. Ní 1961 adájọ́ kan ní Philadelphia sọ pé òfin ò gbà á, pé ìdíje ni wọ́n fẹ́ pa. Rozelle gba Washington lọ, àwọn aṣòfin ṣe òfin tuntun, Ààrẹ Kennedy fọwọ́ sí i ní ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án 1961. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1962, CBS gbà láti san 4,650,000 dọ́là lọ́dún. Ẹgbẹ́ 14 ló wà. Nǹkan bí 330,000 dọ́là ló kan ọ̀kọ̀ọ̀kan: iye tí New York gbà ni Green Bay gbà.

Ní New York, Tim Mara ti kú, àwọn ọmọ ẹ̀, Jack àti Wellington Mara, ló wà nídìí ẹgbẹ́. Ọjà tiwọn ló tóbi jù, àwọn ló máa pàdánù jù. Wọ́n gbà. Ẹ wá gbọ́ ohun tójú wọn rí. Ọjọ́ 31 oṣù kejìlá 1961, oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tí Kennedy fọwọ́ sí òfin, Giants lọ gbá àṣekágbá ní Green Bay. Ìlú adìrù nà wọ́n ní 37 sí 0. Ọdún tó tẹ̀ lé e, Packers tún bá wọn dé New York, wọ́n tún nà wọ́n ní 16 sí 7. Ká ní àwa ni, ṣé a ò ní sọ pé, ẹ ẹ̀ rí i bí, a là wọ́n lójú tán, wọ́n wá ń fi wá ṣẹ̀sín?

Àwọn Mara ò fa ọwọ́ wọn sẹ́yìn. Líìgì ń dàgbà, owó tẹlifíṣọ̀n ń pọ̀, gbogbo wọn ń pín in. Giants fúnra wọn gba Super Bowl mẹ́rin nígbà tó yá, ìwé ìròyìn Forbes sì fojú bù ú ní 2024 pé ẹgbẹ́ náà lé ní bílíọ̀nù 7 dọ́là. Green Bay máa ń ṣí ìwé owó wọn fún aráyé lọ́dọọdún, torí àwọn aráàlú ló ni ín. Ìwé tí wọ́n ṣí ní 2024 fi hàn pé ìpín tó kan ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan nínú owó àpapọ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 402.3 dọ́là. Owó tíkẹ́ẹ̀tì àti ti ṣọ́ọ̀bù, ọ̀pọ̀ nínú ìyẹn ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń mú tiẹ̀. Kì í ṣe gbogbo nǹkan ni wọ́n pín dọ́gba. Wọ́n kàn pín èyí tó máa jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wọn lè wà láàyè.

Ohùn karùn-ún

Ẹ jẹ́ kí n gbè sẹ́yìn àwọn tó ń takò àbá wa díẹ̀, torí òótọ́ wà lẹ́nu wọn.

Àkọ́kọ́, ìṣà kì í sọ ọ̀lẹ di alágbára. Ọmọ àkọ́kọ́ tí Bert Bell ṣà ní 1936, Jay Berwanger láti yunifásítì Chicago, kò gbá bọ́ọ̀lù fún un lọ́jọ́ kan. Ọmọ náà gba ibòmíràn lọ wá oúnjẹ ẹ̀. Ẹ wo Cleveland. Ní 2016 ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan ni Browns borí nínú 16. Wọ́n kọ́kọ́ ṣà. Ní 2017, wọ́n pàdánù gbogbo 16. Wọ́n tún kọ́kọ́ ṣà. Ẹ wo Detroit náà: ní 2008 wọ́n pàdánù gbogbo 16, wọ́n kọ́kọ́ ṣà ní 2009, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ọdún kọjá kí wọ́n tó di ẹgbẹ́ tó borí 15 nínú 17 ní 2024. Béèlì rere lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ ọjà tà, ilẹ̀ ló máa sùn sí. Ẹni tó bá sì rò pé òun á máa ṣe ọ̀lẹ kí òun lè máa kọ́kọ́ ṣà, iwájú Cleveland ni kó ti lọ bèèrè.

Ṣùgbọ́n ẹ tún wo ohun tí ìṣà kì í ṣe. Kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ẹgbẹ́ tó kọ́kọ́ ṣà á san owó ọmọ tó ṣà, owó ọmọ àkọ́kọ́ yẹn ló tiẹ̀ ń wọ́n jù. Bí àbá tiwa náà ṣe rí nìyẹn: kò sẹ́ni tó ní kí á dín owó béèlì kù fún ẹnikẹ́ni. Ipò lórí ìlà la ń sọ.

Ìkejì, èyí tó wúwo jù. Àwọn olówó tí mò ń yìn látàárọ̀ yìí, ara wọn nìkan ni wọ́n ń ṣàánú. Láti 1934 títí di 1945, kò sí aláwọ̀ dúdú kan nínú líìgì náà. Aláwọ̀ dúdú ti gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀ láti ọdún 1920, Fritz Pollard jẹ́ ọ̀kan, àfi bí ilẹ̀kùn ṣe tì. Ìṣà àkọ́kọ́ tí gbogbo wọn jókòó ṣe lẹ́wà lẹ́wà ní 1936, a ò pe orúkọ dúdú kankan. Ọdún mẹ́tàlá gbáko ni wọ́n ṣà báyẹn. Ó di 1946 kí Rams ti Los Angeles tó gba Kenny Washington àti Woody Strode. Ó di 1949 kí wọ́n tó pe aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ níbi ìṣà, George Taliaferro. Green Bay tí mo ní àwọn aráàlú ló ni ín, 1950 ni dúdú àkọ́kọ́, Bob Mann, tó wọ aṣọ wọn. Èèyàn lè máa pín nǹkan dọ́gba nínú yàrá kó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tó wà níta.

Ìkẹta, àwọn ọmọ tí wọ́n ń ṣà, ta ló bi wọ́n? Ẹgbẹ́ tó bá ṣà ọ́, òun lo máa gbá fún, kò sí ibi tí o lè lọ. Àwọn eléré dáṣẹ́ sílẹ̀ ní 1982, wọ́n tún dá a sílẹ̀ ní 1987, wọ́n lọ ilé ẹjọ́, 1993 ni wọ́n tó rí òmìnira gidi láti lọ síbi tó bá wù wọ́n tí àdéhùn wọn bá pé. Ẹ̀yin ọ̀gá, àwọn ọmọṣẹ́ wa tó ń ru béèlì yìí náà lójú, wọ́n sì létí.

Ohùn kẹfà

Nígbà tí ilẹ̀kùn wá ṣí, àwọn wo ló gbà á wọlé? Ní 1982, Christian Okoye kúrò ní Nàìjíríà lọ sí yunifásítì Azusa Pacific ní California. Ọmọ Enugu ni, discus ló ń jù. Nígbà tí wọn ò mú un sí ikọ̀ Nàìjíríà tó lọ Olympics 1984, ó gbé bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà tí kò gbá rí láyé ẹ̀. Ní 1987 Kansas City ṣà á. Ní 1989 ó gbé bọ́ọ̀lù sá yáàdì 1,480, kò sẹ́ni tó sá tó o nínú líìgì lọ́dún náà.

Ní ọdún 2000, Green Bay ṣa ọmọ kan tí wọ́n bí sí Los Angeles. Ọmọ 148 ni wọ́n ti ṣà kí wọ́n tó kàn án. Orúkọ ẹ̀ ni Kabeer Gbaja-Biamila. Àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ò mọ̀ ọ́n pè, wọ́n ń pè é ní KGB. Iṣẹ́ ẹ̀ ni kó gbá ajubọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ kejì mú kó gbé e ṣubú. Ó ṣe é ní 74.5 kó tó kúrò. Ní 2007 ó kọjá Reggie White, nígbà yẹn kò tíì sí ẹni tó ṣe tó o ní Green Bay láti 1982 tí wọ́n ti ń kà á. Ẹ má yà lẹ́nu nípa ààbọ̀ yẹn: tí èèyàn méjì bá jọ gbé ajubọ́ọ̀lù ṣubú, ààbọ̀ààbọ̀ ni wọ́n ń kọ fún wọn. Ìlú tó fi dọ́là 5 dáàbò bo ara ẹ̀ ní 1923, tí kò ní dúdú kan títí di 1950, ọmọ Gbàjàbíàmílà ló wá ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà fún un.

Níbi ìṣà 2025 ńkọ́? Tennessee Titans ló ṣe kẹ́yìn; ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 3 ni wọ́n borí nínú 17. Àwọn ló kọ́kọ́ ṣà, wọ́n mú ajubọ́ọ̀lù tó ń jẹ́ Cam Ward. Philadelphia Eagles, ẹgbẹ́ Bert Bell ọjọ́ kìíní, tó na Kansas City ní 40 sí 22 ní oṣù kejì láti gba ife, ipò 32 ni òfin fún wọn. Ọwọ́ ti yí. Nígbà tó kan Titans lẹ́ẹ̀kejì, ní ipò 52, wọ́n pe Oluwafemi Oladejo láti UCLA. Ẹ bá mi kí ìdílé ẹ̀ kú oríire.

Ó ku tiwa. Ọ̀rọ̀ yìí ò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Àwọn Pàràkòyí ilẹ̀ Ẹ̀gbá ti ń tún ọ̀rọ̀ ọjà ṣe láàárín àwọn oníṣòwò kí Canton tó mọ mọ́tò. Àjọjẹ ò dùn bí ẹnìkan ò bá ní. Àwa tá a wà lókèèrè ilé, a mọ̀ ọ́n ju aráalé lọ: ọkọ̀ tó ń kó béèlì láti Kano, bí a bá pé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún la lè kún un. Bí mẹ́fà bá kó ilé wọn nínú wa torí omi, èmi tí mò ń kọ́kọ́ ṣà, àyè òfìfo nínú ọkọ̀ ni mo máa máa sanwó fún, tàbí kí n máa ra béèlì lọ́wọ́ alágbàtà.

Nítorí náà, bí mo ṣe máa dìbò rèé, ẹ lè takò mí. Kí àwọn tí omi kó ọjà wọn kọ́kọ́ ṣà fún ọkọ̀ mẹ́ta. Lẹ́yìn ìyẹn, kí ẹni tó ṣà kẹ́yìn lórí ọkọ̀ kan ṣà síwájú lórí èyí tó tẹ̀ lé e, owó yòówù kó mú wá. Owó béèlì ò gbọ́dọ̀ dín fún ẹnikẹ́ni. Kí akápò máa ka ìwé owó síta bí Green Bay ṣe ń ṣe. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Maiduguri tí kò ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò kankan nínú wa, tó bá ti mú ìpín ẹ̀ wá, kí ó wà lórí ìlà. Àwọn ọmọṣẹ́, kí wọ́n wá sípàdé, kí á bi wọ́n.

Àwa tá a ń ṣà níwájú ni ọ̀rọ̀ yìí wà lọ́wọ́ wa, kì í ṣe àwọn tó ń ṣà lẹ́yìn. Ìpàdé di ọjọ́ Sunday, aago mẹ́rin. Ẹni tó bá ní ìbéèrè lórí Oladejo tàbí lórí béèlì, kó fi ohùn ránṣẹ́ kó tó di Saturday. Ẹ jọ̀ọ́, kó má ju ìṣẹ́jú méjì lọ.